Ta ni Odi Mesta ń Ṣọ́?

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mo ti padà dé sí Lọ́ńdọ̀nù láti erékùṣù Chios ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ìlà bàtà tí oòrùn fà sí mi lẹ́sẹ̀ ti parẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí ìyá onílé mi bi mí lórí òrùlé ilé rẹ̀ ní abúlé Mesta kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ń bá a jí, mo ń bá a wọ bọ́ọ̀sì, ó tilẹ̀ ti bá mi dé ẹnu iṣẹ́ lóru, níbi tí ó yẹ kí n máa ka iye oògùn aláìsàn. Mo ti kọ́kọ́ sọ fún un, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí ó ka ìwé atọ́nà nínú ọkọ̀ ojú omi, pé odi abúlé wọn dára púpọ̀, àti pé mo mọ̀ pé nítorí àwọn ajalèlókun ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, ta ni o rò pé odi yìí ń ṣọ́?"

Mo dá a lóhùn pé àwọn ará ìlú ni. Ó gbọn aṣọ tí ó ń ká lórí okùn, ó ní, "Ó dára," ó sì yí ọ̀rọ̀ sí oúnjẹ alẹ́. Ọ̀nà tí ó gbà sọ "Ó dára" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Báyìí ni olùkọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá ti gba òdo, tí kò sì fẹ́ dójú tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Etíkun ni mo bá wá

N kò lọ sí Chios nítorí odi. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún mi ní ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, omi ni mo sì fẹ́ wọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Piraeus, èbúté ìlú Athens, ní alẹ́, ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo fi rí òkè ilẹ̀ Tọ́kì ní apá kan àti ti Chios ní apá kejì, tí àárín wọn kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ojú wọ̀n lọ. Mo ti pinnu pé gúúsù nìkan ni n ó rìn, nítorí ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo erékùṣù ní ọjọ́ mẹ́jọ, ojú títì ni yóò rí.

Gúúsù yìí ni àwọn abúlé tí wọ́n ń pè ní Mastichochoria wà, ìyẹn àwọn abúlé mastíkà, tí wọ́n tó nǹkan bí 24. Oje igi ni mastíkà. Igi náà kúkurú, ó sì lọ́ bí ẹ̀yìn arúgbó. Irú rẹ̀ ń hù káàkiri etí òkun Mẹditaréníà, ṣùgbọ́n gúúsù Chios nìkan ni a ti ń rí oje rẹ̀ kó dé ọjà. Àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n ń fi í sí búrẹ́dì, sí ọtí, sí oògùn inú, láti ayé àtijọ́.

Bọ́ọ̀sì gbé mi láti ìlú Chios lọ sí Mesta, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 35. Nígbà tí awakọ̀ dúró, mo fi ọwọ́ bi í pé abúlé dà, nítorí ògiri òkúta nìkan ni mo rí, kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn. Ó fi àgbọ̀n júwe ihò dúdú kan lára ògiri náà. Mo bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí onítáyà mi, èmi àti àpótí náà sì ń pariwo lọ lórí òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, títí tí obìnrin kan fi yọjú láti òkè wò wá bí ẹni tí ó gbọ́ pé ọ̀ṣọ́ ìyàwó ń bọ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi sọnù. Ọ̀nà Mesta kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì fi èjìká kan ara wọn kọjá lọ. Níbi púpọ̀, wọ́n fi òkúta tẹ òrùlé bò ó lórí, tó fi jẹ́ pé inú òkùnkùn ni ènìyàn ń rìn ní ọ̀sán gangan. Òmíràn a sì lọ títí, a kàn forí sọ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá níwájú ológbò kan náà, kò sì jọ pé ó ya ológbò náà lẹ́nu. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn tí ó kọ́ Mesta mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà ṣe ohun ìjà. Ẹni tí ó bá jagun wọlé yóò máa yí po nínú òkùnkùn nígbà tí àwọn onílé yóò wà lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́.

Odi náà kì í ṣe ohun tí wọ́n mọ yí ilé po. Ẹ̀yìn àwọn ilé tí ó wà ní ìpẹ̀kun abúlé ni odi fúnra rẹ̀: wọ́n so ilé mọ́ ilé láìsí àyè láàárín, wọn kò dá fèrèsé sí ẹ̀yìn wọn, ẹ̀yìn ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan sì di ààbò fún gbogbo ìlú. Ilé ìṣọ́ wà ní àwọn igun, gogoro ńlá kan sì dúró láàárín. Bí ọ̀tá bá borí, àwọn ará ilé yóò gun òrùlé, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dọ́gba, wọn yóò máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì títí wọn yóò fi dé gogoro náà. Wọ́n ti wó gogoro ti Mesta ní ọ̀rúndún 19, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí ojú rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní Mesta, ènìyàn á fi ọwọ́ pa ògiri náà títí, kò ní rí ibi tí ó gbé lanu.

Lórí òkúta dúdú

Àwọn etíkun tí mo tìtorí rẹ̀ wá kò já mi kulẹ̀. Mo wẹ̀ ní Agia Dynami, tí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan dá dúró sí lókè omi. Mo sọ̀kalẹ̀ sí Vroulidia ní ìpẹ̀kun gúúsù pátápátá, níbi tí ẹ̀bá òkè funfun ti yí omi aláwọ̀ ewé ká. Komi ní iyanrìn àti ilé oúnjẹ, ó sì dára fún ẹni tí ó bá kó ọmọ dání. Èmi kò pẹ́ níbẹ̀.

Pyrgi ni mo kúrò lọ sí etíkun tí ó yí ìrìn-àjò mi padà. Ènìyàn kì í kọjá ní Pyrgi láìdúró. Ara ilé wọn láti òkè dé ilẹ̀ ni wọ́n fi dúdú àti funfun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, onígun mẹ́ta, òbìrí, òdòdó, ọ̀nà lórí ọ̀nà, títí dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò kùn ún; wọ́n há a ni. Wọn yóò rẹ́ ògiri pẹ̀lú iyanrìn dúdú, wọn yóò fi ẹfun bò ó, wọn yóò sì há ẹfun náà kúrò níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí dúdú ti yọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí aláàdìrẹ ṣe ń fi ẹ̀kọ bo ibi tí kò fẹ́ kí aró dé yóò dúró síbẹ̀ pẹ́, bí èmi náà ti dúró, nítorí ọgbọ́n méjèèjì dà bí ìbejì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn: ọ̀kan ń bò kí dúdú má bàa wọlé, èkejì ń há kí dúdú lè jáde. Wọ́n tún so tòmátì kéékèèké ní ìdì ìdì mọ́ iwájú ilé kí ó lè gbẹ fún ìgbà òtútù, pupa wọn sì wà lórí dúdú àti funfun yẹn.

Láti Pyrgi sí èbúté Emporios jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6. Ẹ̀yìn Emporios ni Mavra Volia wà, etíkun tí kò ní iyanrìn rárá. Òkúta dúdú wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, òkúta tí òkè oníná tú jáde kí ènìyàn tó gbé ibẹ̀, tí omi sì ti fọ̀ títí ó fi ń dán bí ojú ẹja. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọ̀kan lọ. Bí ìgbì bá padà sẹ́yìn, yóò fa àwọn òkúta náà lọ, wọn yóò sì dún bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́wàá bá ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, àwọn tí ó kù ti kó aṣọ wọn lọ.

Ìgbà tí mo dìde tí mo yí ẹ̀yìn sí omi ni ọ̀rọ̀ náà lù mí. Mo wo òkè, mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, n kò rí òrùlé kan nínú ilẹ̀. Òkè gbígbẹ ni, ìpele òkúta tí àwọn àgbẹ̀ tò, àti igi. Mo mọ̀ pé Pyrgi wà lẹ́yìn òkè yẹn, abúlé ńlá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ẹni tí ó ti ojú omi dé, ǹ bá búra pé ènìyàn kò gbé ní gúúsù erékùṣù yìí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn etíkun tí mo ti lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí abúlé àtijọ́ wà lẹ́bàá rẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní etíkun tí ó dákẹ́, tí mo ń dúpẹ́ pé kò sí ilé níbẹ̀, ibi tí ènìyàn sá fún ni.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ òkun rí. Lórí òkè tí ó wà lókè Emporios, àwọn awalẹ̀pìtàn Gẹ̀ẹ́sì hú ìlú kan jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìlú tí ó ti wà ní nǹkan bí 2,700 ọdún sẹ́yìn, tí ilé rẹ̀ àti tẹ́ńpìlì òrìṣà Athena rẹ̀ kọjú sí èbúté gbangba. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ojú yí padà. Nígbà tí ó fi di ayé àwọn ajalèlókun, àwọn tí ó kù létí omi ni àwọn ilé ìṣọ́ rìbìtì tí wọ́n ń pè ní vigla, tí wọ́n tò yí erékùṣù ká. Olùṣọ́ yóò wà nínú rẹ̀, yóò tẹjú mọ́ omi. Bí ó bá rí ọkọ̀ tí kò mọ̀, èéfín ní ọ̀sán, iná ní òru, èkejì yóò rí i, yóò dá tirẹ̀, títí gbogbo abúlé yóò fi ti ilẹ̀kùn wọn.

Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi padà sí Pyrgi, mo sì ń bú ara mi ní gbogbo ọ̀nà.

Ohun tí ilẹ̀kùn wà fún

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gun òrùlé lọ bá ìyá onílé mi, tí mo sì sọ ọ̀rọ̀ òpè tí mo sọ. Ó ti gbé ní Ọsirélíà fún ogún ọdún kí ó tó padà wálé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Nígbà tí a jẹun tán, tí mo sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn ẹja, ó ní: "Ní alẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ìlú. Ẹni tí ó wà níta kò ní lè wọlé. Ẹni tí ó wà nínú ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ há etí ara rẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé e.

Mo mọ ibi tí ó ń lọ, nítorí mo ti rí i kà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mastíkà tí wọ́n ṣí lẹ́bàá Pyrgi ní 2016. Ní 1346 ni àwọn ará Genoa láti Ítálì gba Chios. Kì í ṣe ọba ni ó jẹ lé e lórí. Ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní Maona ni, wọ́n sì jẹ ẹ́ títí di 1566. Àwọn ni wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú àwọn abúlé olódi wọ̀nyí. Mastíkà kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí wọn. Ẹni tí wọ́n bá bá mastíkà lọ́wọ́ lọ́nà àìtọ́, bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ìyà rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó: wọ́n lè fi irin gbígbóná sàmì sí i lára, wọ́n lè gé etí tàbí imú rẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, wọ́n á so ó rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi náà wà ní oko baba rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi tọ́ ọ.

Ìwé tí Columbus kọ ní 1493 láti ròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ó ń ṣèlérí ohun tí òun yóò kó wá fún ọba àti ayaba Sípéènì láti ilẹ̀ tuntun, wúrà, òwú, ẹrú, ó sì fi mastíkà kún un, ó ní Chios nìkan ni wọ́n ti ń rí i títí di ìgbà náà, àti pé iye tí ó bá wu àwọn olówó Genoa ni wọ́n ń tà á. (Ní Pyrgi wọ́n á fi ilé kan hàn yín pé ibẹ̀ ni ó gbé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá.) Ohun tí ó wọ̀ mí lára ni pé oje tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi í ṣe ìlérí fún ọba, ẹni tí ó ń gbá a jọ lábẹ́ igi kò lè mú ẹyọ kan lọ sílé láìbẹ̀rù.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Oníbodè ni à ń pe ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú, oníbodè kan náà ni ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ru iṣẹ́ méjèèjì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní èyí ta ko èyí. Ó jọ pé èmi nìkan ni mo rò, lórí òrùlé Mesta, pé odi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjì: kí ó jẹ́ ààbò, tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n.

Oṣù Épírì 1822

Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn, mo sì fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́n. Mo ní, "Ìyá, mastíkà ni odi yín ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀yin." Mo retí pé yóò yìn mí. Ó ṣe bí ẹni tí n kò tíì dáhùn. Ó ní, "Ní 1822, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Mo mọ̀ ọ́n láti inú ìwé. Àwọn ará Tọ́kì ni ó ń jọba lé Chios nígbà náà. Àwọn Gíríìkì dìde fún òmìnira, ọ̀tẹ̀ náà dé erékùṣù yìí láti ìta, Sultan sì rán ọkọ̀ ogun wá ní oṣù Épírì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n pa, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n kó lọ tà ní ọjà ẹrú, àwọn tí ó rí ọkọ̀ wọ̀ sì fọ́n ká. Ṣùgbọ́n wọ́n dá àwọn abúlé mastíkà sí, ní pàtàkì nítorí pé ààfin Sultan fẹ́ràn mastíkà, àwọn obìnrin ààfin ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, bí wọ́n bá sì pa àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ta ni yóò máa ṣe é?

"Ìyá tí ó bí ìyá ìyá mi àgbà," ni ìyá náà wí, ó ń ka ìka rẹ̀, ó sì gbàgbé iye tí ó kà, "inú odi yìí ni ó wà ní ọdún náà. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Igi ló rà á padà." Ó wá fi kún un pé: "Igi tí ó so ó mọ́lẹ̀ náà ni."

Ohun tí n kò sọ fún un, tí ó sì jẹ́ ìdajì ohun tí ó ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ méje yìí, ni pé mo ti mọ oṣù yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa pé oṣù Épírì 1822 ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní Èkó, àti pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Òun ni ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n ti mú un ní Òṣogùn ní ọdún tí ó ṣáájú. Òṣogùn náà ní odi, Àjàyí sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà pé odi náà kò lágbára, pé ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi dí àwọn ọ̀tá lọ́wọ́ kí wọ́n tó já wọlé. Oṣù Épírì yẹn ti jẹ́ tiwa lọ́kàn mi láti kékeré. N kò rò ó rí pé ní oṣù kan náà, lórí omi mìíràn, wọ́n ń kó àwọn ọmọ Chios wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, àti pé àwọn kan wà ní kìlómítà díẹ̀ sí èbúté náà tí wọ́n sùn sílé wọn nítorí pé oje igi wà lọ́wọ́ wọn.

Òṣogùn kò ní mastíkà. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Mo kàn ń rí i pé nígbà tí mo sọ fún ìyá náà pé kì í ṣe ẹ̀yin ni odi ń ṣọ́, mo sọ ọ́ bí ẹni tí ó ní odi tí ó dára ju ìyẹn lọ ní ibì kan.

Omijé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí oko rẹ̀. Abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti gbá mọ́ bí àgbàlá, wọ́n sì fọ́n erùpẹ̀ funfun lúbúlúbú sí i yí ká kí oje má bàa lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Láti oṣù Júláì ni wọ́n ti ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ṣá igi náà lára, ojú ọgbẹ́ kéékèèké tí kò jìn. Kéntima ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Oje á yọ, á kán, á sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ bíi 15 sí 20 kí ó tó gan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní omijé. Bí òjò bá rọ̀ ní àárín ìgbà náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Iná ńlá kan jó gúúsù yìí ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2012, ó sì jẹ púpọ̀ nínú àwọn igi náà. Igi tuntun kì í sì í mú oje wá títí yóò fi pé nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ìyá náà fi kùkùté dúdú méjì hàn mí, àwọn ọ̀mùnú tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ga jù mí lọ.

A kó díẹ̀ padà sílé. Ó tú u sórí àwo irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó wọ awò ojú, ó mú ọ̀bẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Ó ń mú ẹyọ kan láàárín àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó ń yí i, ó ń fi ẹnu ọ̀bẹ họ èèpo àti iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó ń jù ú sápá ọ̀tún, ẹyọ mìíràn. Ẹyọ tí ó tóbi jù nínú wọn kò ju èso ẹ̀pà kan lọ. Bí gbogbo ìgbà òtútù àwọn obìnrin abúlé wọ̀nyí ṣe ń lọ nìyẹn, ní ìyẹ̀wù ara wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti kọfí. Ní 2014, UNESCO kọ ìmọ̀ iṣẹ́ mastíkà yìí mọ́ ogún àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, ni wọ́n ń kó mastíkà fún báyìí. Kò sí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn Mesta mọ́ lóru. Mo bi í bóyá igi kan lè kún àpò. Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi yọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀: igi kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ọdún, lè má ju 150 tàbí 200 gíráàmù lọ.

Ó fún mi ní ẹyọ kan. Ó fọ́ lábẹ́ eyín mi bí yanrìn, ó korò, mo fẹ́ tu ú, ó ní kí n dúró. Ó kó ara rẹ̀ jọ, ó rọ̀, ìkorò náà lọ, òórùn igi tútù kan sì gòkè wá sí imú mi. Mo jẹ ẹ́ títí dé ọ̀sán, kò tán.

Kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo sọ fún un nípa ohun tí mo rí ní Mavra Volia, bí n kò ṣe rí òrùlé kan, bí gbogbo ìran wọn ṣe kọ ẹ̀yìn sí òkun. Mo sọ ọ́ gùn, mo sì gbádùn ohùn ara mi. Ó gbọ́ ọ tán. Mo wá bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ sí etíkun.

Ó ní ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ òun bá dé láti Athens, wọ́n máa ń fi tipátipá gbé òun lọ. Wọ́n á ta agboòrùn sí ibì kan, wọ́n á gbé àga fún òun. Ó ní òun máa ń yí àga náà padà kí ó kọ ẹ̀yìn sí omi.

Mo ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Nítorí oòrùn," ó ní. "Ó máa ń ta mí lójú."